Nígbà Tí Ọmọ Wa Bá Lọ Ṣe IT: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ìyá

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tún ti dé. Ní àsìkò yìí lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹnìkan ní báǹkì? Ṣé ẹ mọ ẹnìkan ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun mímu? Ọmọ mi ń wá ibi tí yóò ti ṣe IT." Bí a bá ti rí ibì kan, ọkàn wa á balẹ̀, a ó sì rò pé iṣẹ́ tiwa ti parí. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rí ibẹ̀: láàárín ọmọ àti iṣẹ́, àti pàápàá láàárín ọmọ àti ìyá rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wọlé lálẹ́ tí ó sì fa ojú ro.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí IT jẹ́ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sanwó rẹ̀ láìmọ ìdí tí ó fi wà. Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ ITF sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1973, àjọ náà gbé ètò SIWES kalẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní IT lónìí. Àwọn iléeṣẹ́ ni ó ń ráhùn pé àwọn ọmọ tí ń jáde láti ilé ìwé gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ lè má tíì tú ẹ̀rọ kankan rí láyé rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ètò náà fún àwọn ọmọ polí, oṣù mẹ́fà fún àwọn ọmọ yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan máa ń pín in, tí wọ́n á kọ́kọ́ rán ọmọ jáde fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta nínú ìsinmi gígùn. Ọmọ polí tí ó bá sì ti gba ND tún máa ń lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó padà lọ fún HND. Lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ọmọ kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní logbook, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ fi ọwọ́ sí i, kí olùkọ́ láti ilé ìwé sì wá bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun sí àwa Yorùbá. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán láyé àwọn ìyá wa, a ó mú un lọ bá ọ̀gá, a ó ṣe àdéhùn, ọmọ á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa ṣa òwú nílẹ̀, á máa pọn ọmọ ọ̀gá, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ kan máṣíìnì. Ọjọ́ tí ó bá gba fíríìdọ̀mù, gbogbo ẹbí á dáṣọ, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á jó. Nǹkan kan náà ni IT, àfi pé kò sí ijó fíríìdọ̀mù nínú tirẹ̀, ìwé lásán ni wọ́n ń bu ọwọ́ lù. Bóyá ìyẹn ló fà á tí a fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé. Mo mọ ìyá kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà gbáko tí ó ń wo fíìmù, tí ọ̀gá kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé sì ń bá a fi ọwọ́ sí logbook lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ náà gba máàkì tí ó dára. N kò mọ ohun tí ó fi máàkì náà ṣe.

Gíláàsì fífọ̀

Ọmọ tí mo bí tẹ̀lé àwọn ìbejì ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń kọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú Ìbàdàn gbà á sí láàbù wọn fún oṣù mẹ́ta. Mọ́níyà ni à ń gbé, nítorí náà aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó ti ń jáde láti wọ Micra lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, yóò wọ òmíràn lọ sí Sángo, kí ó tó tún wọ òmíràn síbi iṣẹ́. Bí òjò bá wá rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà kò nílò àlàyé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, agbára káká ni alẹ́ kan fi ń kọjá tí kò sunkún. Wọn kò sanwó fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ó dùn ún. Ohun tí ó dùn ún ni pé gíláàsì ni ó ń fọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ lé kí wọ́n tó fi máíkírósíkóòpù wò ó ni mo ń sọ. Yóò rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, yóò fọ̀ ọ́, yóò ṣàn án, yóò nù ún gbẹ, yóò tò ó. Ọ̀gá láàbù á mú ọ̀kan nínú wọn, á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á ní, "Tún un fọ̀." Wọ́n sì tún máa ń rán an lọ ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé torí kí n lè máa fọ gíláàsì ni ẹ ṣe ń sanwó ilé ìwé mi láti ọdún mẹ́ta?"

Ẹ̀yin ìyá, inú bí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan mo ti wọ aṣọ, mo ti wé gèlè, mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá náà. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ pọ̀ láti òru. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, nítorí mo rò pé yóò bá mi mọ ẹni tí ó ga ju ọ̀gá náà lọ. Màmá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, bí gíláàsì yẹn bá dọ̀tí ńkọ́?"

Mo ní n kò mọ̀, mà.

Wọ́n ní, "Ìdọ̀tí orí gíláàsì, àti èérí aró tí wọ́n fi ń kun ẹ̀jẹ̀, ó máa ń jọ kòkòrò ibà lójú ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n wò dáadáa. Ẹni tí kò ní ibà, wọ́n á kọ ọ́ síwèé pé ó ní in. Nǹkan mìíràn ni yóò máa pa á lọ, oògùn ibà ni yóò máa gbé mì. Ìdí gíláàsì yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o."

Ní ti oúnjẹ rírà, Màmá kò gbè sẹ́yìn ọ̀gá náà. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ara ẹ̀kọ́, àṣà burúkú ni, àwọn náà sì fojú winá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má lọ. Wọ́n ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kí ó kí i dáadáa, kí ó sì béèrè ohun méjì: kí ni ọ̀gá ń wò nígbà tí ó bá gbé gíláàsì sókè sí ojú fèrèsé, àti ìgbà wo ni òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀jẹ̀. Mo padà sílé, mo tú gèlè mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà á kí ó tó lè béèrè. Mo ń wò ó lójoojúmọ́ bí ó ṣe ń lọ tí ó sì ń padà bọ̀ láìtíì béèrè, ẹnu mi sì ń yún mi láti bá a sọ ọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wọlé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Mọ́mì, ó ní kí n gbé àga wá!" Ọ̀gá náà ti fi ìdọ̀tí hàn án lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó fi kòkòrò ibà gidi hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí ó sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti yàtọ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á fi nǹkan bí amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ kan, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń yí bí òòyì fún ìṣẹ́jú 5. Pupa á sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ á dúró lókè, ibi tí pupa bá sì ga dé ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó. Ó kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ lára. Apá ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gún, ìgbà mẹ́ta ni kò sì bá iṣan. Ó ń sọ ọ́ fún wa nílé, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìṣòro ti tán.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan

Ibi yìí ni ó ṣòro fún mi láti kọ, mo sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi í sílẹ̀ báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọ́n rán ọmọ mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn aboyún láti gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin méjì. Orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, bí ó ṣe máa ń rí nílùú wa. Ọ̀kan wá fún àyẹ̀wò lásán, èkejì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ọmọ ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè é. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni a ti gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sára ìgò, lójú ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀. Bírò ọmọ mi kò yọ. Ó fi ìgò méjèèjì sínú àpò aṣọ funfun rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó ní òun yóò kọ ọ́ bí òun bá dé láàbù. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ẹnìkan pè é, ó gbé nǹkan fún un, ó padà wá, ó kọ orúkọ sára àwọn ìgò náà.

Ó dé ilé, kò jẹun. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí ó di bí aago mẹ́sàn-án, ó wá jókòó tì mí ní kíṣìnì, ó ní, "Mọ́mì, n kò mọ èyí tí ó wà lápá ọ̀tún mọ́."

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pín sí irú mẹ́rin: A, B, AB àti O. Karl Landsteiner, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó kọ́kọ́ ṣàwárí pé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn kì í ṣe irú kan náà, ní ọdún 1901, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1930 nítorí rẹ̀. O ni ó pọ̀ jù láàárín wa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ O, bí a bá fa B sí i lára, ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ẹ̀jẹ̀ náà, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè kú. Lóòótọ́, wọ́n máa ń da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ fún un láti wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò bá jẹ́ ti ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò yẹn kò lè gbà á là.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu mi jáde. Èmi tí mo ti ń kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí láti ọdún pípẹ́, mo ní, "Ṣé ẹnì kankan rí ọ?"

Ọmọ náà wò mí. Kò dá mi lóhùn. N kò lè gbàgbé bí ó ṣe wò mí.

Mo tún gbìyànjú. Mo ní bóyá òun kàn ń dààmú lásán ni, bóyá ó kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ó ní, "Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni iṣẹ́ abẹ, mà." Ìgbà náà ni mo ronú kan obìnrin tí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, mo sì rántí pé èmi náà dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìbejì mi. Mo mú fóònù, mo nà án sí i. Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀. Òun ni ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí, kò fi bírò ṣe àwáwí.

Ọ̀gá náà kò pariwo. Ó béèrè orúkọ àwọn obìnrin méjèèjì, ó ní ó ti gbọ́. A wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó wa ọkọ̀ padà sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tún ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì gbà fúnra rẹ̀. Obìnrin tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, O ni. Ohun tí ó wà nínú fáìlì rẹ̀ ni B. Wọ́n ti gbé ẹ̀jẹ̀ B kan sínú fíríìjì, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè é sí yàrá rẹ̀, ó bá a wí gidigidi. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dá a padà sídìí gíláàsì. Ó ní òun náà jẹ̀bi, nítorí kò yẹ kí òun jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá nìkan lọ gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ ṣàlàyé fún ọkọ obìnrin náà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ mi kọ gbogbo rẹ̀ sínú logbook, ní ojú ewé ọjọ́ náà, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni ó dun ọmọ jù. Ó sunkún pé olùkọ́ òun yóò kà á. N kò ní purọ́, ó wu èmi náà kí n lọ bẹ ọ̀gá náà pé kí ó fojú fo ìyẹn. N kò lọ. Mo ti sọ èyí tí mo sọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ojú sì ń tì mí.

Ìyá àbúrò náà bí ọmọbìnrin láìséwu. Wọn kò tilẹ̀ lo ẹ̀jẹ̀ kankan.

Nígbà tí olùkọ́ láti yunifásítì dé, ojú ewé yẹn ni ó kà pẹ́ jù. Ó bi ọmọ mi pé, "Kí ni o ń ṣe báyìí tí o kì í ṣe tẹ́lẹ̀?" Ọmọ mi dáhùn pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni òun ti ń kọ orúkọ, bírò méjì ni òun ń mú dání, òun kì í sì í bi aláìsàn pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyáàfin báyìí?" nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí òun ń sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárúkọ yín fún mi, kí ẹ sì sọ ọjọ́ ìbí yín." Máàkì tí ó gbà kì í ṣe èyí tí ó ga jù ní kíláàsì wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jáde nílé mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi yẹn kọ́ ni ó padà wọlé ní ìparí rẹ̀. Ọmọ tí ó ń sunkún nítorí gíláàsì ni ó jáde. Ẹni tí ó padà ni mo lè gbé ara mi lé lọ́wọ́ nílé ìwòsàn.

Èyí tí a kò gbọ́dọ̀ ní kí ọmọ fara dà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé gbogbo ìnira tí ọmọ bá bá pàdé ló dára fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ arábìnrin wa kan lọ ṣe IT ní ọ́fíìsì kan. Ọ̀gá rẹ̀ á ní kí ó dúró lẹ́yìn tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti lọ. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, ó di ọwọ́ lórí èjìká, nígbà tí ó yá ọkùnrin náà sọ fún un pé òun nìkan ni òun lè fi ọwọ́ sí logbook rẹ̀. Ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Ṣe sùúrù, oṣù kan péré ló kù." Arábìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi, ó sì ní kí n kọ ọ́ kí àwọn yòókù lè gbọ́. Ọmọ náà kò ṣe sùúrù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó lọ sí ẹ̀ka tí ó ń bójú tó IT nílé ìwé wọn, ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ibi iṣẹ́ fún un. Ó dára kí gbogbo wa mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe. Ọmọ kò lẹ̀ mọ́ ibi kan nítorí ìbuwọ́lùwé. Òfin sì wà: ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní ọdún 2015, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Ní Èkó, àjọ DSVA ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni a lè mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Mo ti rò ó títí. Ìnira iṣẹ́ máa ń kọ́ ọmọ ní ohun kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn. Bí o bá bi í léèrè, yóò sọ̀rọ̀ títí yóò fi sú ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá jẹ́ ibi, ńṣe ni ó máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Kò ní fẹ́ sọ ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà, kò ní fẹ́ kí fóònù òun dún lójú wa, á máa wá àwáwí láti má lọ ní ọjọ́ kan pàtó. Ọmọ tí ń kùn kò bà mí lẹ́rù mọ́. Èyí tí ó bá dákẹ́ ni n ó wé gèlè mi nítorí rẹ̀.

Ewu ara náà wà. Bí ọmọ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ bi í bóyá wọ́n ń fún un ní ìbọ̀wọ́, ẹ sì bi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń gba abẹ́rẹ́ yìí, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́fà kí ó tó pé, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń dúró dè títí di ọjọ́ tí ìsinmi bá bẹ̀rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá gún un, kí ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó má tijú, nítorí oògùn wà tí ó lè dènà kòkòrò HIV bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń bo ojú. Bí wọn kò bá ní in, ẹ ra á fún un ṣáájú aṣọ tuntun.

Ìbéèrè alẹ́

Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá wọlé, ohun tí mo máa ń sọ ni, "Báwo ni ibi iṣẹ́?" Á ní, "Dáadáa ni, mà," ó sì parí. Láti ìgbà yẹn mo ti yí ìbéèrè mi padà. Mo máa ń bi í pé, "Kí ni o ṣe lónìí tí o kò lè ṣe lánàá?" Bí ó bá jẹun tán, n ó bi í pé, "Kí ni ó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́?" Lẹ́yìn náà n ó dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ni iṣẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, ìwájú tí ó ń wò sì ni ojú wa, láti mọ̀ bóyá ó lè sọ òtítọ́ fún wa. Mo ti fi ojú mi hàn án ní alẹ́ kan, mo ń gbìyànjú láti tún un ṣe.

Àwọn ọmọkùnrin wa náà ńkọ́? Mo ṣàkíyèsí pé a kì í bi wọ́n ní irú ìbéèrè báyìí, a ó kàn ní ọkùnrin ni, yóò ṣe é. Èmi náà kò bi àwọn ìbejì nígbà tí wọ́n ṣe IT tiwọn. Nígbà tí mo wá bi wọ́n, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sọ ohun kan fún mi tí ó ti ń dá rù láti ìgbà náà.

Nígbà tí a bá pàdé ní kíláàsì lórí ẹ̀kọ́ yìí, mo fẹ́ kí a pín ara wa sí ìsọ̀rí kéékèèké, kí àwọn ìyá àgbà àti àwọn abiyamọ má dá jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹnìkan nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sọ nípa iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó kọ́, ẹni tí ó kọ́ ọ, àti ohun tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn tí ó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ nínú wa, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé tàbí ilé oògùn, sọ bí ẹ ṣe ń lo àwọn ọmọ tí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, àti ẹni tí ń ra oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn èyí kí gbogbo wa jọ gbé èyí tí ó kẹ́yìn yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má sì yára dáhùn: ká ní ẹ̀yin ni ẹ wà ní kíṣìnì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí ni ìbá kọ́kọ́ ti ẹnu yín jáde?